Mo Ti Gbà Ẹ́ Padà Lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹ

Àwáwù Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Sàláámù àlékúmù. Kí n tó béèrè àlàáfíà ẹ, kí n tó kí àbúrò ìyá ẹ tó gbà ẹ́ sílé ní Ọ̀fà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí o pa fóònù ẹ láti ọjọ́ Àtìní: mi ò gba obì wọn. Mi ò gba dàbínù, mi ò gba ṣúgà, mi ò sọ pé a ti gbọ́, mi ò sọ pé a máa rò ó wò. Kò sí ẹni tó fi ẹ́ fún ọ̀gá ẹ, kò sì sí ẹni tó máa fi ẹ́ fún un. Tí o bá ti kà á débí, fi ìwé yìí sílẹ̀ díẹ̀, mu omi, kí o tó ka ìyókù.

Ṣé o ti mu ún? Ó dáa.

Ìyá ẹ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí n bá bá ẹ sọ ọ́ lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, ohùn mi á ti dé Ọjà Tuntun, ìwọ á sì ti máa sunkún, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Òótọ́ ló sọ. Inú ń bí mi, Àwáwù. Inú ń bí mi débi pé àwọn ọmọ ilé-kéwú gan-an ti mọ̀. Láti Àtìní ni wọ́n ti ń rọra ka wàláà wọn bí ẹni tí aláìsàn wà nílé. Mo mọ̀ pé nígbà tí o gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ́jọ́ náà, ohun tí o rí gbẹ̀yìn ni èmi bàbá ẹ tí mò ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tí ọ̀gá ẹ rán wá. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ, kí n tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn kankan.

O mọ bí àwọn òbí ṣe ń mú ọmọ wá sílé-kéwú wa. Ojú ẹ ni wọ́n ń ṣe é láti kékeré. Bàbá ọmọ á jókòó sórí ẹní, á fa ọmọ ẹ̀ síwájú, á ní, "Alfa, a fà á lé yín lọ́wọ́. Ọmọ yín ni. Tó bá ṣẹ̀, ẹ má wojú wa kí ẹ tó bá a wí." Èmi á ní àmín, gbogbo ilé á ní àmín, ọmọ á sì bọ́ sí àárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe fa èmi náà lé alfa tèmi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe fa bàbá mi náà nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá ti mọ́ èèyàn lẹ́nu tó báyẹn, kì í rò ó mọ́ kó tó sọ ọ́.

Òun ni mo sọ níbi iṣẹ́ ẹ. O rántí ọjọ́ tí èmi àti ìyá ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ máníjà yín pé ó gbà ẹ́ síṣẹ́. A gbé ẹyin awó àti oyin dání. Gbọ̀ngàn tí ẹ ti ń ta irúgbìn àti oògùn oko ló ti gbà wá, gbogbo òṣìṣẹ́ wà ní ìjókòó. Mo rí irùngbọ̀n ẹ̀, mo rí àpá ìforíkanlẹ̀ níwájú orí ẹ̀, ó sì fi sùnnà kí mi dáadáa. Ara mi balẹ̀. Ni mo bá fà ẹ́ síwájú, ìwọ tí o ti gboyè ní yunifásítì, tí o ti sin ìlú ẹ tán, mo wá sọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ ọdún márùn-ún. Mo ní kó má wojú mi. Àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe àmín. Ìyá ẹ nìkan ni kò ṣe é. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó ní, "Alfa, ibi iṣẹ́ la mú un lọ o, a ò mú un lọ sílé-kéwú." Mo ní kó jẹ́ ká gbádùn ayọ̀ wa. Mo ti bẹ ìyá ẹ lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Èmi ò ní kọ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe sínú ìwé. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù, ìyá ẹ sì ti sọ fún mi. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀: pé ó ń pè ẹ́ ní ìyàwó mi níwájú èrò, tí wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín, pé ó máa ń di ọwọ́ ẹ mú tí o bá mú ìwé lọ kó bu ọwọ́ lù ú, pé ó ní kí o wá lọ́jọ́ tí kò sẹ́lòmíràn níbi iṣẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn, pé o sọ fún un pé o ò fẹ́. Èsì tó fún ẹ ni mi ò lè gbé mì. Ó ní, "Bàbá ẹ ló ní kí n má wojú òun." Nígbà tí ìyá ẹ sọ gbólóhùn yẹn létí mi, mo dìde, mo tún jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé kó fi dáàbò bo ọmọ mi, òun ló fi di ọmọ mi lẹ́nu!

Mo sì mọ̀ pé o ti gbìyànjú láti sọ fún mi. Lẹ́yìn àwẹ̀, o wá bá mi lórí búúsù tí mo fi ń kírun, o ní ọ̀gá yín ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Mo ní bàbá ni, kí o ṣe sùúrù. O wọlé lọ bá ìyá ẹ ṣa ẹ̀wà. Tèmi nìyẹn, mi ò ní àwíjàre kankan.

Nígbà tí àwọn mẹ́ta tó rán wá fi wọlé lọ́jọ́ Àtìní, pẹ̀lú agbọ̀n obì àti dàbínù lórí, mi ò tíì mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Bàbá Mámúdù, ẹ̀gbọ́n mi, ló mú wọn wá. Wọ́n ní Alhaji, ọ̀gá ẹ, rí òdòdó kan nínú ọgbà wa. Ṣé kí n purọ́ fún ẹ ni? Mo rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ ni o ti rí mi. Mo ní kí wọ́n pè ẹ́ wá, wọ́n ní o ti jáde. Ìgbà yẹn ni ìyá ẹ yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé, kò jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó tò ó fún wọn láti òkè délẹ̀, bó o ṣe sọ ọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Àwọn àgbà náà ń wo ẹní.

O ò ní gbàgbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e. Wọ́n ní ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ohun tó wà nílẹ̀ yẹn ni yìgì wá tún ṣe. Bàbá Mámúdù ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé ọkùnrin náà fẹ́ ṣe é ní ìlànà Ànábì, kí ni mo tún ń wá? Àwáwù, mo pariwo. Mo ní yìgì kì í ṣe ọṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni ní ìlànà Ànábì, ẹnu ọ̀nà bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ gbà, kì í kọ́kọ́ lo ọwọ́, kó tó wá fi obì tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n rọra. Mo ní ta ni kó rọra? Ìyá ẹ ló wá parí ẹ̀. Ó gbé agbọ̀n náà, ó gbé e kalẹ̀ níbi tí bàtà wọn wà. Ó ní, "Ẹ má gbàgbé ẹrù yín."

Bí o ṣe gbọ́ ọ yẹn ni ó rí. Bàbá Mámúdù ò tíì wọ ilé wa láti ọjọ́ náà. Ìbínú ẹ̀ á lọ, tí kò bá sì lọ, kó máa bínú.

Ó wá yẹ kí n gbà ẹ́ nímọ̀ràn báyìí, torí iṣẹ́ ò tán láyé, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ náà ò sì tán láyé. Ibikíbi tí o bá lọ, o máa bá ọ̀kan níbẹ̀.

Èkíní, má pe ọ̀gá kankan ní bàbá mọ́. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbí nìyẹn, èmi náà ni mo sì kọ́ ẹ. Àmọ́ ibi iṣẹ́ kì í ṣe agboolé. Ọ̀gá ni, ọ̀gá ni kí o máa pè é. Bàbá kan ṣoṣo lo ní, òun ló ń kọ̀wé sí ẹ yìí, àṣìṣe tiẹ̀ nìkan sì ti tó ẹ. Ẹni tó bá ní ọmọ òun ni ẹ́, ìwà ẹ̀ ni kí o fi mọ̀ ọ́n. Bàbá kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹ̀ tó ti dàgbà.

Èkejì, ìkúnlẹ̀ ni mo kọ́ ẹ, mi ò kọ́ ẹ pé kí o dákẹ́. Kúnlẹ̀ kí àgbà, ó dára, ọmọlúàbí ni ẹ́. Tí àgbà náà bá na ọwọ́ síbi tí kò kàn án, dìde kíá, kí o sì sọ̀rọ̀ sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́. Kò sí ìwà ìbàjẹ́ nínú ẹ̀. Ẹni tó na ọwọ́ ló ba ìwà jẹ́. Ẹ̀rín yẹn náà, fi í sílẹ̀. Ìyá ẹ ní o máa ń rẹ́rìn-ín tó bá pè ẹ́ ní ìyàwó mi níwájú èrò, torí ojú ń tì ẹ́, o ò sì fẹ́ kí wọ́n ní o yájú. Mi ò bá ẹ wí. Gbogbo ọmọ tí a tọ́ dáadáa ló máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, irú àwọn ọkùnrin yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí kò bá pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, má bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyàwó Bàbá Mámúdù wá bi ìyá ẹ pé, ṣé kì í ṣe pé Àwáwù máa ń kun àtíkè jù? Háà. Hijáàbù ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ṣé hijáàbù ló ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà ni, àbí àtíkè? Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ ní irú ìbéèrè yẹn, má dá a lóhùn, má tilẹ̀ lọ wo ara ẹ nínú dígí. Nínú ẹ̀sìn tiwa, ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún pé kó rẹ ojú ẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan obìnrin. Ọ̀gá ẹ mọ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n fàyè gba ìyàwó mẹ́rin, kí ló wá ṣe tí kò mọ̀ pé wọn ò fàyè gba kí ọkùnrin àti obìnrin tí yìgì ò sí láàárín wọn jọ wà nínú yàrá tí wọ́n tì? Ibi tó dùn mọ́ ọn nìkan ló kà. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, o mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ kéwú àwọn ọmọbìnrin, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lójúde ló lè rí wa. Ṣé èmi ò fẹ́ ibòòji ni?

Ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ èyí tí a dé mọ́: ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni kí o sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Má sì wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ fi bò ó. Má sọ pé ó ń yọ mí lẹ́nu. Ní ilé wa, bí àtùpà ò bá tàn dáadáa, a máa ń ní ó ń yọ wá lẹ́nu. Sọ pé ó fọwọ́ kàn mí, ibi báyìí ni, ọjọ́ báyìí ni, mo sì sọ pé mi ò fẹ́. Etí àwa òbí wúwo, a máa ń fẹ́ kí nǹkan dára débi pé a kì í gbọ́ ohun tí kò dára àfi tí wọ́n bá là á mọ́lẹ̀ fún wa. Tí ẹni tí o kọ́kọ́ sọ fún bá ní kí o ṣe sùúrù, kódà kó jẹ́ alfa, kódà kó jẹ́ èmi, lọ sọ fún ẹlòmíràn. Sùúrù wà fún òjò tí kò tètè rọ̀ àti àìsàn tí kò tètè lọ. Kò wà fún ọwọ́ ọkùnrin. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ ńkọ́, má pa ọ̀kankan rẹ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń kó ẹ nírìíra. Fi han àbúrò ìyá ẹ kí òun náà fojú rí i.

Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́. Ó lè sọ fún ẹ pé òun lòun fún ẹ níṣẹ́. Irọ́ ni. Ilé-ìwé lo lọ, o jókòó ìdánwò, o yege, Ọlọ́run sì ṣí i. Àrísìkí ò sí lọ́wọ́ máníjà, òun gan-an ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí Ọlọ́run fún ẹ dẹ́rù bà ẹ́.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Bàbá, ẹnu dùn ún ròfọ́, ẹ̀yin kí lẹ ṣe?" Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ ibi tí mo lọ lánàá.

O mọ̀ pé Alàmísì ni ilé-kéwú máa ń wà ní ìsinmi. O sì rántí àwọn ẹní tuntun tí ọ̀gá ẹ fi ta ilé-kéwú lọ́rẹ, kété tí o dé ibi iṣẹ́ yẹn, tí mo gbàdúrà fún un lórí ẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ká gbogbo ẹ̀. Mo dá kẹ̀kẹ́ màrúwá dúró, mo kó wọn sí i. Onímàrúwá béèrè bóyá a ń kó kúrò nílé ni. Mo ní rárá, ìdọ̀tí la fẹ́ dá padà. A forí lé ọ̀nà Òkè-Òyì.

Bí mo ṣe wọ gbọ̀ngàn yín, ọ̀gá ẹ jáde sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Àna mi, ẹ káàbọ̀." Àna! Àwọn tó rán níṣẹ́ ti jábọ̀ fún un láti Àtìní, síbẹ̀ ó ń pè mí ní àna, torí ó rò pé mo wá tún un sọ ni. Ó ní ká wọ yàrá lọ, ọ̀rọ̀ àárín ilé ni. Mo ní mi ò wọlé. Ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá, mo ní mi ò mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbójú sókè. Ó dàgbà jù mí lọ, o mọ̀ pé mi kì í fojú di àgbà, àmọ́ ìwọ ni mo fi pè é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo ní, "Alhaji, níbí yìí ni mo ti fa ọmọ mi lé ẹ lọ́wọ́, àwọn wọ̀nyí sì ṣe àmín. Níbí yìí náà ni mo ti ń gbà á padà lójú wọn. Mo ní kí o má wojú mi kí o tó kọ́ ọ níṣẹ́. Mi ò ní kí o fọwọ́ kàn án. Láti òní lọ, máa wojú mi. Tí Àwáwù bá tún wá síbí, iṣẹ́ ló wá ṣe. Kì í ṣe ọmọ ẹ, kò sì ní jẹ́ ìyàwó ẹ láéláé."

Mo ní kí onímàrúwá já àwọn ẹní sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ẹ sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n má ba orúkọ òun jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé, pé àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ yẹn pọ̀ nígboro. Mi ò rẹ ohùn tèmi sílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ń tọ́jú orúkọ, ọwọ́ ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tọ́jú. Mo tún sọ fún un pé mo ti gba nọ́ńbà ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní Kàdúná. Ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀ yí padà.

Mo pe ẹni Kàdúná náà lóòótọ́. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Mi ò ní tàn ẹ́, kò ṣèlérí kankan. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ fúnra ẹ, pé òun ń bọ̀ ní Ìlọrin. Bóyá olóòótọ́ ni, bóyá ti máníjà ẹ̀ ló máa ṣe, mi ò mọ̀. Ní mọ́sálásí lónìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn kan kí mi bí ẹni tí ẹnu ń dun, àwọn kan dì mọ́ mi. Mi ò ka èyíkéyìí sí.

Ohun tó kù, ọwọ́ ẹ ló wà. Tí o bá fẹ́ padà síbi iṣẹ́ yẹn, èmi á máa sìn ẹ́ débẹ̀ láràárọ̀, èmi á sì máa jókòó sẹ́nu géètì, kí ojú tì wọ́n. Tí o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, fi í sílẹ̀; oúnjẹ wà nílé, ìyá ẹ sì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀wà tòun ní Ipata fẹ́ ẹni tó mọ̀wé. Tí o bá fẹ́ bá ẹni Kàdúná yẹn sọ̀rọ̀, a ó jókòó tì ẹ́. Tí o bá fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, mo ti bi lọ́yà kan léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mi ò ní yan ọ̀kan fún ẹ. Mo ti fi ẹnu mi gbé ẹ fún ẹlòmíràn rí, mi ò tún ní ṣe é mọ́. Ní Àlàárùbá, ìyá kan mú ọmọbìnrin ẹ̀ wá sílé-kéwú, ó ní kí n má wojú òun. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wojú mi. Ẹ máa wá wò ó. Ẹ máa bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un." Ó wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá.

Àwáwù, mo fẹ́ dúró níbí, àmọ́ ó ku ọ̀kan.

Bí mo ṣe jáde níbi iṣẹ́ yín lánàá, tí mo sọdá títì láti wá kẹ̀kẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi. Sẹ̀kínátù ni, ọmọ tuntun tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, tí o máa ń sọ pé kì í sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí eruku níbẹ̀. Mo ní kó dìde. Ó ní láti ìgbà tí o ò ti wá síṣẹ́ mọ́, òun ni ọ̀gá ń ránṣẹ́ pè sí yàrá yẹn. Mo béèrè bóyá ó ti sọ nílé. Ó wá ní, "Alfa, ṣé ẹ lè bá mi bá bàbá mi sọ̀rọ̀?"

Mo mọ bàbá ẹ̀. Aránfìlà ni, ní Gàmbàrí níbí, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Èèyàn dáadáa ni. Ojú ẹ̀ le.

Ìrọ̀lẹ́ òní la fi àdéhùn sí. Mo ti kírun Àsárì. Ọmọ náà ti dé, ó jókòó ti ìyá ẹ lẹ́yìnkùlé, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un. Bá mi kí àbúrò ìyá ẹ, kí o sì tan fóònù ẹ. Mo ń dìde báyìí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti wọlé bá bàbá òun. Mo ti sọ fún un pé èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé.

Bàbá ẹ,
Alfa Sálíù